Aládùúgbò Tí Kò Tíì Kó Jáde

Ọ̀sán gangan ni wọ́n pàdé. Ọmọbìnrin tí àwọn ará kíláàsì ń pè ní Jẹ́jẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò jẹ́jẹ́ rárá, ń sá aṣọ sí bákónì yàrá rẹ̀ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ́kùnrin kan yọjú láti bákónì kejì.

"Aládùúgbò, ṣé o fún aṣọ yẹn ṣá?"

"Ṣé wọ́n ní kó o wá wọ̀ ọ́ ni?"

Ẹ̀rín ló dá ìfẹ́ sílẹ̀. Láàárín oṣù kan, Jẹ́jẹ́ kì í lè sùn bí kò bá gbọ́ "Ó dàárọ̀, ayé mi." Àmọ́ ọkùnrin náà kò kúrò ní bákónì yẹn rí. Ibi tó bá sì fara tì lórí irin bákónì, eruku ibẹ̀ kì í yẹ̀.

Ìyá Jẹ́jẹ́ wá kí i lọ́jọ́ Sátidé kan.

"Ta lò ń bá rẹ́rìn-ín?"

"Màmá, àfẹ́sọ́nà mi nìyẹn."

Ìyá wo bákónì kejì títí. "Mi ò réèyàn níbẹ̀. Di ẹrù ẹ! Ká gba yàrá fún ẹ níta, tàbí kó o lọ gbé lọ́dọ̀ àǹtí ẹ."

Ó wọ́ ọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín yàrá, ó sì béèrè ẹni tó ń gbé yàrá kejì. Akọ̀wé ṣí ìwé.

"Ẹni tó ni yàrá yẹn ti kú láti ọdún mẹ́rin, ìjàǹbá ọkọ̀ ni. A ò rí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Ẹni tí ò bá sì dá kọ́kọ́rọ́ padà níbí, a kì í kọ ọ́ pé ó ti kó jáde. Nínú ìwé wa, ibẹ̀ ló ṣì ń gbé."

Jẹ́jẹ́ sáré padà sí bákónì, ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà ń dúró dè é. Kọ́kọ́rọ́ kan tó ti dípẹtà wà lórí irin.

"Má bínú, ayé mi. Ó ti rẹ̀ mí. Bá mi dá a padà."

"Ṣé màá tún rí ẹ?"

Ó nawọ́ sí kọ́kọ́rọ́ náà. Ìyá ò rí ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n ó rí kọ́kọ́rọ́, ó sì rí omijé ọmọ rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ náà sórí tábìlì akọ̀wé.

Akọ̀wé mú bírò. "Màmá, mo gbọ́dọ̀ kọ ẹni tó dá a padà. Kí lọmọ yìí jẹ́ sí ẹni tó ni yàrá?"

Ìyá Jẹ́jẹ́ fà á mọ́ra.

"Kọ ọ́ pé ìyàwó ẹ̀ ni."