Epo Tiransifọ́mà Ẹ̀yìn Tésàn

Tiransifọ́mà Emùré jóná lẹ́yìn ògiri tésàn ọlọ́pàá gan-an, níbi tí àwọn kọ́sítébù ti ń hanrun. Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni, àwọn ará ìlú ló sì dáwó ra ẹ̀rọ náà. Ẹnì kan tú ẹnu rẹ̀ nísàlẹ̀, ó da epo tó ń tù ú lára sílẹ̀, ooru sì pa ẹ̀rọ náà. Kíá, wọ́n ti mú Bámigbóyè wẹ́dà, torí àwọn wẹ́dà a máa fi irú epo bẹ́ẹ̀ sínú ẹ̀rọ wọn. Lọ́jọ́ kejì ni wọn yóò gbé e lọ sí kóòtù l'Ádó.

Inspẹ́kítọ̀ Fọláyẹmí wo àwọn kọ́sítébù bí ẹni ń wo ewúrẹ́ tó jẹ iṣu.

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

"Òjò ń rọ̀, mà."

"Òjò ló bá yín sùn náà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ wo gọ́tà. Epo kún un, ó ń dán lórí omi. Olè wo ló ń jí epo kó tún wá dà á nù?

Bámigbóyè dìde nínú sẹ́ẹ̀lì. "Mà, bí tiransifọ́mà bá kú, kí ni mo fẹ́ fi jórin? Ìyàwó mi wà nínú oyún."

Afọláyan tó ń ṣọ́ tiransifọ́mà náà lóru sọ pé níbi ìsìnkú àna òun n'Ìkẹ́rẹ́ ni òun sùn. Ẹbí jẹ́rìí sí i.

Ó wá ku Ẹnjiníà Adégbóyèga, ẹni tó fẹ̀yìn tì láti Èkó, alága ẹgbẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iná ìlú. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́ sí wẹ́dà. Ilé rẹ̀ ni ìkẹyìn lọ́nà Ìṣẹ́, wáyà gíga sì gba iwájú rẹ̀ kọjá. Kò fi àga lọ Fọláyẹmí.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ iná kì í ṣe ti ọlọ́pàá. Iná orí wáyà gíga yẹn lágbára, ìdí nìyẹn tó fi ń ti ọ̀nà jíjìn wá láìrẹ̀. Tiransifọ́mà ló ń bù ú kù kó má bàa pa wá. Bó bá ti bù ú kù, kò lè rìn jìnnà mọ́. Wáyà á jẹ ẹ́ tán lọ́nà."

"Bó bá wá dé ilé yín ńkọ́, sà?"

Olúrẹ̀mí ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ulé wa yìí? Gílóòbù wa kàn ń pọ́n bí ẹ̀yinná ni. Fíríìjì tó gbé t'Èkó bọ̀ ò tíì mú omi tutù rí."

Ọkọ rẹ̀ ranjú mọ́ ọn.

Lábẹ́ wáyà gíga níta, Fọláyẹmí rí pèpele sìmẹ́ńtì kan. Ó ti gbẹ, irin mẹ́rin yọrí nínú rẹ̀.

"Ti táńkì omi ni," Adégbóyèga ní.

Fọláyẹmí fi okùn wọn àárín àwọn irin náà. Nígbà tó padà dé tésàn, ó na okùn náà sí ẹsẹ̀ tiransifọ́mà tó jóná. Ó ṣe rẹ́gí. Ó ránṣẹ́ pe alága.

"Irin tó bá ẹsẹ̀ tiransifọ́mà mu rẹ́gí kì í ṣe ti táńkì omi, sà. Pèpele yín sì ti gbẹ kí ẹ̀rọ tó jóná. Ẹ mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀, ẹ̀yin alága lẹ ó sì sọ ibi tí wọn yóò gbé e sí. Ẹ fi òjò bojú, ẹ tú epo dà nù, ẹ wá di ẹrù rẹ̀ lé wẹ́dà lórí."

Adégbóyèga kọ́kọ́ fọwọ́ gbọn agbádá. Nígbà tó yá, ẹnu rẹ̀ là.

"Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gbé e súnmọ́ mi, wọ́n kọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá sílé mi, wọ́n ń bi mí bóyá àbẹ́là ni mo tàn. Èmi, ẹnjiníà. Wẹ́dà lásán-làsàn ń rí iná tó mọ́lẹ̀ yòò."

"Ẹ̀wọ̀n wá tọ́ sí i?"

"Kí ló ń jẹ́ wẹ́dà?"

Fọláyẹmí ṣí sẹ́ẹ̀lì, ó dá bàtà Bámigbóyè padà fún un, ó ní kó máa lọ bá ìyàwó rẹ̀. Ó fi ẹnu ọ̀nà kan náà han Adégbóyèga.

"Ẹ wọlé, sà. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ni ìlú yóò gbé tuntun sí, lẹ́yìn ògiri yìí. Kò sí yàrá tó súnmọ́ ọn tó èyí ní gbogbo Emùré. Iná ò ní rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín."