Wọ́n Ní Kó Fi Orúkọ Àǹtí Ránṣẹ́

Aṣọ ni Àǹtí ń lọ̀ nígbà tí Gbohùngbohùn sáré wọlé, fóònù lọ́wọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ní rédíò ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn ládùúgbò.

"Àǹtí, wọ́n ti yàn mí o! Àjọ tó ń kọ́ àwọn oníròyìn níṣẹ́ kárí ayé ló kọ̀wé sí mi, wọ́n ní àwọn gbọ́ ìròyìn mi. Ọ̀fẹ́ ni!"

Àǹtí fi áyọ̀ọ̀nù sílẹ̀, ó dì mọ́ ọn. Òun ló tọ́ ọmọ náà láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ilé ìfọṣọ ọsibítù ni Àǹtí ti ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì rọra sọ fún un pé omi tútù lásán, láìsí ọṣẹ, ni wọ́n fi ń ṣan aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn. Ọmọ gbé e sórí rédíò, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ọsibítù ti ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Kí ni wọ́n wá ń bèèrè?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu ọmọ. "Wọ́n ní kí n fi orúkọ ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lónìí, kí wọ́n lè mọ̀ pé iṣẹ́ mi kì í ṣe irọ́."

Àǹtí jókòó. "Fi ránṣẹ́."

"Wọ́n á lé yín lẹ́nu iṣẹ́!"

"Kí wọ́n lé mi. Ṣé ọsibítù ló bí mi ni? Ìwọ ṣáà ti lọ." Omi lé sójú rẹ̀, ó tún ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n kọ orúkọ mi dáadáa o, má kọ ìkọkúkọ."

Ọmọ bú sẹ́kún. Ìfẹ́ yẹn wúwo jù fún un. Ó pe olóòtú ìròyìn wọn ní rédíò, obìnrin àgbà kan tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti kọ́ níṣẹ́ rí.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," ni olóòtú wí. "Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká bo àṣírí ẹni tó finú hàn wá. Ṣé àwọn náà ló máa wá ní kó o tú u? Ta ló ń wá orúkọ yẹn lójú méjèèjì, bí kì í ṣe àwọn tí ìròyìn rẹ bí nínú? Nọ́ńbà tó wà lójú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì àjọ náà gan-an ni kó o pè."

Ó pè é. Obìnrin kan ní àjọ náà dá a lóhùn pé àwọn kò kọ ohunkóhun sí i, àwọn kì í sì í bèèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀. "Ṣùgbọ́n àyè ṣì wà, o lè forúkọ sílẹ̀. Kí lo fẹ́ kọ́?"

Gbohùngbohùn wo Àǹtí. "Ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ẹni tó sọ òtítọ́."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ ìròyìn, àwọn àjọ tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí wà lóòótọ́, oore ńlá ni wọ́n sì ń ṣe. Ẹ wá wọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ léèrè, kẹ́ ẹ sì pe àjọ náà fúnra yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ tú àṣírí ẹni tó fọkàn tán yín kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ jìnnà sí i. Ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ tú àṣírí rẹ̀ yẹn, àǹtí ẹnì kan ni.