Àyè Kápútẹ́nì

“Mú un, so ó mọ́ra, ká wo bó ṣe máa bá ẹ mu.”

Ọ̀gá Ìlà ló sọ bẹ́ẹ̀, tíṣà tó ń darí ẹgbẹ́ kádẹ́ẹ̀tì ilé ìwé wọn. Àmùrè pupa Kápútẹ́nì ló wà lórí tábìlì rẹ̀. Ọmọbìnrin tó dúró níwájú rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án. Lẹ́fútẹ́náǹtì ni oyè tirẹ̀, òun ni igbákejì Kápútẹ́nì, àmọ́ “Lẹ́fù” ni gbogbo ilé ìwé ń pè é. Àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ló fà á. Àwọn tó ń wo fíìmù nínú wọn ní “lùtẹ́náǹtì” ló yẹ kí wọ́n máa pè é, àwọn yòókù ní irọ́ ni, wọ́n ní “fù” gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí àríyànjiyàn sú wọn, wọ́n gé e kúrú.

“Sà, Kápútẹ́nì ṣì wà,” ni Lẹ́fù wí.

“Ta ló ní kò sí? Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kán. Ṣé orí ọ̀pá ló máa ti ṣíwájú yín níbi ìdíje yíyan ológun ní Sátidé, kí wọ́n fi wá ṣẹ̀sín?” Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Kápútẹ́nì ẹgbẹ́ tó bá gbégbá orókè máa wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun lọ́fẹ̀ẹ́. Àbí o ò fẹ́ ni?”

Ó fẹ́ ẹ. Ó mú àmùrè náà.

Alágbàfọ̀ ni ìyá rẹ̀. Àárín aṣọ funfun tí wọ́n fi kọ́ káàkiri ṣọ́ọ̀bù ni Lẹ́fù ti bá a, tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, àti pé ọmọ rẹ̀ ń ṣiyèméjì, ó gbé áyọ́ọ̀nù nàró.

“Ire tó wá bá ẹ nílé, ṣé o fẹ́ lé e jáde ni? Ta ló máa rán ẹ lọ sílé ìwé lọ́dún tó ń bọ̀? Èmi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti yan gbẹ yìí?”

“Màmá, nígbà tí mi ò mọ òsì yàtọ̀ sí ọ̀tún, Kápútẹ́nì ló kọ́ mi.”

“Àánú ò ṣeé jẹ,” ìyá rẹ̀ fèsì, àmọ́ kò wo ojú rẹ̀.

Ní Sátidé, Lẹ́fù ló ṣíwájú ẹgbẹ́ wọ pápá. Abẹ́ ìbòòji, láàárín àwọn òǹwòran, ló ti rí Kápútẹ́nì. Ó wọ aṣọ kádẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nínú símẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dè é ní ọsibítù. Gbogbo àṣẹ tí Lẹ́fù bá ti pa ni ètè rẹ̀ ń bá a pa, láìsí ohùn. Ojú ti Lẹ́fù.

“Ẹgbẹ́, dúró!” Ó tú àmùrè náà, ó rìn gba àárín pápá lọ síwájú Kápútẹ́nì, ó sì kí i bí ológun. “Kápútẹ́nì, àyè yín rèé.”

“Ṣé orí ẹ dàrú ni?” Kápútẹ́nì bi í. “Wọ́n máa yọ máàkì lára yín!”

“Kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n mi.”

Kápútẹ́nì na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀. “Ó dáa. Bí ẹṣin bá dá ni, ńṣe là á tún un gùn.”

Ohùn rẹ̀ gba pápá kan. Ẹgbẹ́ náà kò yan dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí. Síbẹ̀, àwọn adájọ́ yọ máàkì lóòótọ́, ipò kẹta ni wọ́n ṣe. Kápútẹ́nì ilé ìwé mìíràn ló gba àyè ilé ẹ̀kọ́ ológun.

“Ta ló fún ẹ láṣẹ?” Ọ̀gá Ìlà jágbe níwájú gbogbo wọn.

“Ẹ̀yin ni, sà. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fún mi lóyè yìí, ẹ ní ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ọ̀rọ̀ náà, ‘lẹ́fútẹ́náǹtì’, ti wá. Ẹ ní ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni ‘àyè’, ìdajì tó kù ni ‘ẹni tó dì í mú’. Ẹ ní kí n máa di àyè mú fún ọ̀gá mi. Ẹ ò ní kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀.”

“Bọ́ oyè yẹn kúrò léjìká ẹ!”

Ó bọ́ ọ, ó fi lé e lọ́wọ́. Omijé dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó dùn ún, kò sì díbọ́n pé kò dun òun. Nílé, ìyá rẹ̀ ń lọ aṣọ títí ilẹ̀ fi ṣú. “Mo bínú sí ẹ,” ló sọ níkẹyìn. “Àmọ́ ká ní o gbà á, mi ò ní lè wo ojú ìyá ọmọ yẹn mọ́.”

Ní ọjọ́ Ajé, Ọ̀gá Ìlà gbé àmì oyè náà sókè. Ó pe ọmọkùnrin tó ga jù nínú ẹgbẹ́ pé kó wá gbà á.

“Rárá o, sà. Ó lẹ́ni tó ni ín.”

Ó pe ẹlòmíràn. Ìyẹn náà kọ̀. Ó pe àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, wọ́n tẹjú mọ́ iwájú bíi pé wọn ò gbọ́. Ó wo gbogbo wọn, ó sì ki àmì náà bọ àpò.

Bí wọ́n bá ní kí o di àyè mú fún ẹnì kejì ẹ, dì í mú dáadáa, kó o sì dá a padà fún un, kódà bó bá máa gba ohun tó ò ń fẹ́ jù lọ́wọ́ ẹ. Lẹ́fù dúró sẹ́yìn ìlà, kò sí nǹkan kan léjìká rẹ̀. Kádẹ́ẹ̀tì tó wà níwájú rẹ̀ bojú wẹ̀yìn, ó kí i bí ológun, ẹni tó tẹ̀ lé e náà ṣe bẹ́ẹ̀, títí ó fi dé orí ẹni ìkẹyìn.