Ilé Tí Ruqoyah Rà ní Ìjù

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ní kí Ruqoyah wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ ní Ìjù, ewúrẹ́ mẹ́ta ló bá nínú pálọ̀. Ìkẹrin ń jẹ koríko níbi tó yẹ kí ilé ìdáná wà. Kò sí òrùlé, kò sí fèrèsé, kò sí ilẹ̀kùn tí ènìyàn ìbá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Lórí ògiri tí wọn kò tíì rẹ́, ọkùnrin gíga kan jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń mì dirodiro, ó fi wáyà pupa kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀, ó ń jẹ àgbàdo sísun.

"Inú pálọ̀ mi lẹ ti ń jẹ àgbàdo yẹn o!" ni Ruqoyah jágbe.

Ọkùnrin náà wo ewúrẹ́, ó wo Ruqoyah. "Ẹ má bínú, màdáámù. Àwọn àlejò yín wọ̀nyí ló kọ́kọ́ dé."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Ruqoyah, ó gbé e mì. Ẹ̀rín kọ́ ló bá wá. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Sango, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá àwọn obìnrin tó ń di ẹrù, ló ti gba àyè wá, tòun ti bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló fi fún ara rẹ̀ lọ́rùn kó tó san owó ilé yìí tán. Àwọn tó ń kọ́lé náà tà fún un kọ́kọ́ ní oṣù kẹfà ni yóò parí. Oṣù kẹfà dé, wọ́n ní òjò ni. Òjò dá, wọ́n ní ó di ẹ̀yìn Iléyá. Iléyá lọ, wọ́n ní dọ́là ló wọ́n. Ruqoyah bi wọ́n pé ṣé dọ́là ni wọ́n fi ń po yanrìn ni, wọ́n gé fóònù. Àfi àná tí wọ́n tún pè é, tí wọ́n ń kí i kú oríire, pé ilé ti parí!

Ọkùnrin náà bẹ́ sílẹ̀, ó gbọn ọwọ́. "Hafeez Àlàrí lorúkọ mi. Ọmọ Ìrágbìjí ni mí, èmi ni mo ń ṣe iṣẹ́ iná níbí." Ó gbé àgbàdo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Páànù tó yẹ kó wà lórí ilé yìí, wọ́n ti kó o lọ sí Agbára, síbi tí wọ́n tún ti ń kọ́ ilé mìíràn. Mo wà lára àwọn tó bá wọn gbé e sọ́kọ̀. Mi ò bèèrè ẹni tó ni ín. Ojú ń tì mí."

Ruqoyah wò ó títí. Láti ọdún mẹ́ta, nínú gbogbo àwọn tó ń wọ táì, tó ń tẹ̀ kọ̀ǹpútà, kò sí ẹyọ ẹnìkan tó sọ òótọ́ fún un rí. Oníṣẹ́ iná tí àgbàdo há sí léyín ló wá sọ ọ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, Hafeez dúró níwájú ilé iṣẹ́ Ruqoyah ní Sango ní àkókò tí wọ́n ń jáde. Ó ní òun kàn ń kọjá lọ ni.

"Láti Ìjù, o ń kọjá lọ síbo?" ni Ruqoyah bi í. Kò mọ ìgbà tí "ẹ" di "o" lẹ́nu òun.

"Síwájú rẹ níbí."

Wọ́n rìn, wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jẹ ẹ̀pà lójú ọ̀nà títí wọ́n fi dé Iyana Iyesi. Kí oṣù méjì tó pé, oríkì rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ni Hafeez fi ń pè é, bó bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, gbogbo ariwo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ á kúrò lára Ruqoyah.

Ṣùgbọ́n Alájì Àpọ́nlé, bàbá Ruqoyah, ti ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nílẹ̀. Kápẹ́ńtà ni, ó sì fara balẹ̀. Nígbà tí Hafeez wá dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, "Dìde, ọmọ mi. Ọmọlúàbí ni ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tí mo gbé ìyá Ruqoyah níyàwó, onílé kó ẹrù wa sójú títì. Ìyá rẹ̀ jókòó ti àpótí aṣọ rẹ̀ nínú òòrùn. Mo búra lọ́jọ́ náà pé ọmọ mi kò ní lọ́kọ kó tó ní ilé tirẹ̀. Ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ ilé Ruqoyah bá bọ́ sí i lọ́wọ́ ni kí o padà wá."

Báyìí ni ilé tí ẹlòmíràn kò parí ṣe dínà ìfẹ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ gbọ́, irú ayé wo nìyẹn?

Ruqoyah kó àwọn mọ́kànlá mìíràn tó ra ilé ní Ìjù jọ, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì máníjà àwọn tó ń kọ́lé náà, Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣìnúbí. Máníjà rẹ́rìn-ín, ó fún wọn ní omi tútù, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

"Sùúrù wa lẹ fi ń kọ́lé sí Agbára!" ni Ruqoyah sọ, ó sì gbé omi náà padà sórí tábìlì láìmu ún.

Lọ́jọ́ kẹta, Hafeez dé pẹ̀lú ayọ̀ lójú. Ó ṣí ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́ tuntun ló wà níbẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ó ti bọ́ sí i! Máníjà ní kí o gba ilé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ti parí, tí wọ́n fi ń han àwọn oníbàárà. Kí o ṣáà má bá àwọn yòókù pariwo mọ́. A lè lọ bá Bàbá lónìí."

Ọkàn Ruqoyah fò sókè. Ó na ọwọ́. Ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì.

"Hafeez, ta ló ni ilé yẹn?"

"Mi ò bèèrè."

"Màmá Tamílọ́rẹ ló ni ín. Opó tó bá wa lọ sọ́dọ̀ máníjà ni. Ó ti san tirẹ̀ tán kí n tó bẹ̀rẹ̀ tèmi." Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "O kò bèèrè lọ́jọ́ tí o gbé páànù, o kò bèèrè lónìí. Ṣé orí ẹkún opó la fẹ́ tẹ́ ẹní wa lé? Gbé kọ́kọ́rọ́ olè yẹn kúrò níwájú mi!"

"Nítorí tìẹ ni mo ṣe..."

"Má fi mí ṣe àwáwí. Máa lọ."

Ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò pè, Ruqoyah náà kò pè é. Níbi iṣẹ́, ó di ẹrù kan náà lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀.

Àwọn olùrà gbé ẹjọ́ náà dé kóòtù. Lóyà tó ń gbèjà Ọ̀ṣìnúbí dìde, ó ní òjò àti ọ̀wọ́n sìmẹ́ńtì ló fa ìdádúró, ó ní kò sí ohun èlò kankan tó kúrò ní Ìjù.

"Irọ́ ni, Olúwa mi," ni ohùn kan sọ látẹ̀yìn.

Hafeez ni. Wọ́n ní kó bọ́ síwájú, kó búra. Ó sọ ọjọ́ tí wọ́n kó páànù, ó sọ nọ́ńbà ọkọ̀, ó fi àwòrán inú fóònù rẹ̀ hàn. Lóyà bi í pé ṣé kì í ṣe ilé iṣẹ́ yìí ló ń fún un jẹ.

"Òun ni," ni Hafeez dáhùn. "Títí di òwúrọ̀ yìí. Mo ti dá kọ́kọ́rọ́ wọn padà. Mo sì ti lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tó ni ilé náà."

Màmá Tamílọ́rẹ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ojú Ruqoyah kún fún omi.

Síbẹ̀, lóyà tún bẹ̀bẹ̀ fún àkókò. Adájọ́ sún ẹjọ́ síwájú di oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́fà mìíràn! Ruqoyah jáde bí ẹni tí iná ń jó lára. Ó bá Hafeez lábẹ́ igi lóde.

"Mo ṣẹ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́," ni Hafeez sọ. "Mo ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Ǹjẹ́ mo lè bi ọ́ ní nǹkan kan?"

"Bí ó bá jẹ́ ohun tí mo rò ni, mo gbà. Ó yá, ká lọ sọ́dọ̀ bàbá mi."

Alájì Àpọ́nlé ń fá pákó nígbà tí wọ́n dé. Ruqoyah kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, tótó ó ṣe bí òwe o. Wọ́n ní òní-ni-mò-ń-lọ, ọ̀la-ni-mò-ń-lọ, ni kò jẹ́ kí àlejò gbin awùsá. Ọ̀ṣìnúbí ti gba ọdún mẹ́ta nínú ayé mi. Bí mo bá dúró de kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kí n tó lọ́kọ, a jẹ́ pé èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi fún un ní ìyókù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yìí lónìí nítorí òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fẹ́ ẹ."

Bàbá gbé ohun èlò rẹ̀ sílẹ̀. Ó gbọn eruku pákó kúrò lára.

"Ẹnu ìyá rẹ gan-an lo fi sọ̀rọ̀," ló wí. "Òun náà kò bèèrè ilé lọ́wọ́ mi kó tó tẹ̀ lé mi." Ó kọjú sí Hafeez. "Kó àwọn ènìyàn rẹ wá lọ́jọ́ Sátidé."

Wọ́n so yìgì ní ìparí oṣù náà. Yàrá kan tí wọ́n gbà ní Iyana Iyesi ni Hafeez gbé ìyàwó rẹ̀ sí, ó sì ti ń gba iṣẹ́ iná káàkiri fúnra rẹ̀. Ògiri Ìjù ṣì wà láìní òrùlé.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, Hafeez bi í pé, "Àbẹ̀kẹ́, bí wọn kò bá parí ilé yẹn láéláé ńkọ́?"

"Màá máa bá wọn jà," ni Ruqoyah dáhùn. "Títí wọn á fi parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá jà tán lójúmọ́, ilé ni màá máa padà sí."

"Ilé wo?"

Ruqoyah fi orí lé e léjìká. "Ọ̀dọ̀ rẹ níbí."