Ipò Iwájú Ẹní

"Kì í ṣe ọtí o," ọmọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Bàtà-funfun wí, ó sì gbọn ike ẹlẹ́rìndòdò náà títí ó fi hó. "Oògùn ikọ́ ni mo pò mọ́ ọn. Àbí ìwọ kì í wúkọ́ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni àwọn ọmọkùnrin náà jókòó sí lẹ́yìn tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù tán. Ọmọ káfíńtà nìkan ni kò tíì fẹnu kan ike náà. Lèmọ́mù Kékeré ni wọ́n ń pè é, nítorí láti ìgbà tó ti bàlágà ni bàbá rẹ̀ ti fi ìrun Màgáríbì ilé wọn lé e lọ́wọ́. Bàbá, ìyá àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń tò sí. Kò sí ohun tó dùn mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ láyé, bí kò tilẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

"Ẹ fi í sílẹ̀ jàre," ẹnìkan wí. "Màmá ẹ̀ ò tíì já a lẹ́nu ọmú."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà á jẹ́. Ó gba ike náà, ó sì mu ún ju ìdajì lọ. Wọ́n ní kí èèyàn má fi ìtìjú kárùn, òun fi kó o.

Kó tó délé, ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ilẹ̀ ń yí lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ yọ́ wọ yàrá lọ sùn, ṣùgbọ́n oòrùn ti wọ̀, ìyá rẹ̀ ti tẹ́ ẹní, àbúrò rẹ̀ sì ti gbé kẹ́tù àlùwàlá dúró dè é.

"Bọ̀dá mi, omi yín rèé."

Ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún léraléra, ó gbàgbé òsì. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ kejì ńkọ́? Ṣé òun ò ní kírun ni?"

Ó dúró síwájú ẹní. Ó wá Fátíhà nínú orí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ń yọ́ lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tí nǹkan ń pa kò gbọdọ̀ súnmọ́ ìrun títí yóò fi mọ ohun tó ń sọ. Bó bá sọ̀rọ̀, ipò rẹ̀ lọ nìyẹn. Bó bá dákẹ́, ìrun àwọn tó fọkàn tán an ni yóò bà jẹ́. Ẹ̀rù bà á gidigidi. Ó yíjú padà.

"Bàbá, ẹ dákun, ẹ bọ́ síwájú. Mo mu nǹkan. Ó ń pa mí."

"Mo gbé o!" Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí.

"Lọ jókòó," bàbá wí, ó sì ṣáájú ìrun.

Ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń sunkún. Lẹ́yìn sálámà, bàbá jókòó tì í. Ọmọ náà ń retí ìfọ́tí, ọwọ́ tó ń ti ìfági káfíńtà látàárọ̀ kì í sì í ṣe ọwọ́ eré. Ìfọ́tí náà kò dé.

"Wọ́n ní oògùn ikọ́ ni," ọmọ náà wí.

"Ohunkóhun tó bá gba làákàyè lọ́wọ́ èèyàn, ọtí ni. Inú mi bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹnu ara ẹ sọ ọ́, mo sì gbọ́. Èmi náà ní ẹ̀bi tèmi. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi ẹ́ bóyá o ti kírun, mi ò bi ẹ́ rí pé ta lò ń bá rìn. Láti ọ̀la, bí o bá ti iléèwé dé, máa gba ṣọ́ọ̀bù mi bọ̀, ká jọ máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni wàá ti máa kírun ná."

"Títí di ìgbà wo, bàbá?"

"Ìgbà tí ìwọ fúnra ẹ bá mọ̀ pé ó tó."

Ìròyìn kì í jókòó sílé. Lèmọ́mù Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é níléèwé báyìí, ó sì dùn ún. Lọ́jọ́ kan, Bàtà-funfun tún na ike sí i, gbogbo wọn ń wò ó.

"Rárá," ó wí. "Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín lọ." Ó gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ lọ, ó sì ròyìn rẹ̀ fún un.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dáadáa. "Bàbá, ó ti tó báyìí," ó wí. Bàbá wojú rẹ̀, ó rọra bọ́ sẹ́yìn, ó sì fi ipò iwájú sílẹ̀ fún un.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, òsì la fi ń fà á mọ́ra. Ọmọ náà pẹ̀lú gbọdọ̀ mọ̀ pé ẹ̀sín ọ̀rẹ́ kì í pa èèyàn, ohun tí a bá mu nítorí ẹ̀sín ló lè pani. Ẹni tó bá ṣìṣe, kó tètè sọ fún àwọn òbí rẹ̀.