Òórùn Méjìlá

"Ẹ tún un sọ kí n gbọ́. Ta lẹ fẹ́ gbé yàrá èédú fún?" Ohùn Màmá àgbà ti dé ilé aládùúgbò kẹta. "Shih-kai? Shih-kai tó ń jó búrẹ́dì nínú ẹ̀rọ tó ń dá iná ara rẹ̀ pa?"

"Shih-kai ní imú," Bàbá àgbà dáhùn. Kò gbé ohùn sókè. Ó ń fi ọwọ́ yẹ ewé tíì inú agbọ̀n wò lọ ní tirẹ̀.

"Gbogbo ènìyàn ló ní imú. Ajá ìta náà ní imú."

"Ajá ìta ń fi tirẹ̀ gbọ́ òórùn. Ti Ching-lan ńkọ́? Ọ̀ṣọ́ ojú lásán ni."

Ching-lan, ọmọ-ọmọ wọn obìnrin, fúnra rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ilé ìwé ṣì wà léjìká rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ún, kò sì dùn ún. Láti nǹkan bí ọdún méjì tí imú rẹ̀ ti kú, bí ẹni pé nǹkan mìíràn ń bá a kú lọ díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ń jẹun bí ẹni ń jẹ páálí. Òjò á rọ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á na imú sókè, òun á máa wo ojú wọn kó lè mọ̀ pé ó yẹ kí òun náà rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ bàtà, ó gba àárín ìjà wọn kọjá, ó lọ ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ní òkè tiwa níhìn-ín, ẹnikẹ́ni ló lè ká ewé tíì. Ẹni tó bá lè yan án lórí èédú ni ọ̀gá, òun ló sì ń jogún yàrá èédú. Aago kò mọ ìgbà tó jinná, ojú náà kò mọ̀ ọ́n. Ewé á kọ́kọ́ rùn bíi koríko, á wá rùn bí ìrẹsì tó ń hó, lẹ́yìn náà á dà bí ṣúgà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Ibẹ̀ gan-an la ti ń gbé e kúrò. Ẹni tó bá gbọ́, gbọ́. Ẹni tí kò bá gbọ́, eérú ni yóò tà. Láti kékeré ni Bàbá àgbà ti ń gbé Ching-lan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ èédú, tó ń bi í pé, "Kí lo gbọ́?" Ọmọ náà kì í ṣì í sọ.

Ìgbà tó yá ni sísín bẹ̀rẹ̀. Sísín di ọ̀fìnkìn tí kò lọ, ọ̀fìnkìn di ẹ̀fọ́rí, ẹran rírọ̀ kan sì hù sínú ihò imú méjèèjì bí ìgbà tí olú bá hù sára igi. Wọ́n gé e, ó tún hù. Ìyá rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Hsinchu, ló gbọ́ pé ilé ìwòsàn kan ní Taichung ń ṣe ìwádìí lórí abẹ́rẹ́ tuntun fún irú imú bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fún ìdajì àwọn aláìsàn ní oògùn, wọ́n á fún ìdajì ní omi iyọ̀. Aláìsàn kò ní mọ èwo ni wọ́n fún òun, nọ́ọ̀sì tó ń gún un pàápàá kò ní mọ̀.

"Abẹ́rẹ́ ni wọ́n pè é ni àbí tẹ́tẹ́?" Màmá àgbà béèrè, ṣùgbọ́n òun náà ló ń di oúnjẹ fún un ní gbogbo ọjọ́ ìrìn àjò.

Ìjà ọjọ́ yẹn parí sórí àdéhùn kan. "Mo dúró di tíì ìgbà òtútù," Bàbá àgbà wí. "Bí ilé ìwòsàn bá sọ pé imú rẹ̀ ti là, òun ló ni yàrá. Bí wọn ò bá sọ ọ́, Shih-kai ni."

Shih-kai, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, yọ orí sínú yàrá Ching-lan lálẹ́. "Àbúrò, má bínú o. Èmi ò tọrọ ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ọ̀gá, wàá máa bá mi gbá eérú."

"Bí o bá di ọ̀gá, eérú nìkan la máa rí gbá."

Shih-kai rẹ́rìn-ín. Ching-lan kò rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni pé Shih-kai kò burú. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà le.

Nílé ìwòsàn, ìdánwò imú ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Liao á ṣí ìdérí ohun kan tó dà bíi bírò, á fi í kọjá nísàlẹ̀ imú rẹ, á wá fi àwòrán mẹ́rin hàn ọ́ kí o mú ọ̀kan. Òórùn méjìlá ni. Gbogbo ìgbà tí Ching-lan ti ṣe é, bí ẹni ń ju òkúta sínú òkùnkùn ni.

Po-wei, ọmọkùnrin kan láti Puli tí ọjọ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ máa ń bọ́ sí ọjọ́ kan náà, jókòó sórí àga àwọn tó ń dúró de nọ́ọ̀sì, ó ń jẹ ìpékeré.

"O mọ adùn rẹ̀?" Ching-lan bi í.

"Mo mọ ariwo rẹ̀." Ó fi ọ̀kan sẹ́nu, ó fọ́ ọ láriwo. "Gbọ́, wọn kì í yí òórùn wọ̀nyẹn padà o. Bí wọ́n ṣe tò ó nígbà àkọ́kọ́ náà ni wọ́n ń tò ó títí dòní. Òroǹbó, awọ, míǹtì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, kọfí..." Ó ka méjèèjìlá títí dórí ẹja tó kẹ́yìn.

"Báwo lo ṣe mọ èyí tó tọ̀nà?"

"Bí mo bá mú èyí tó tọ̀nà, Nọ́ọ̀sì Liao á mí sínú. Bí mo bá ṣì í, á mí síta. Imú mi ló kú, ojú mi ò kú."

"Ojóóró nìyẹn."

"Ojóóró kẹ̀? Imú ta ni? Ní kíláàsì wa, bí ìdánwò ìṣirò bá dé, gbogbo wa là ń yọrùn wo iwájú. Ìwọ nìkan ni yóò wá gba òdo nínú ìdánwò imú, tí wọ́n á máa wò ọ́ bí ọmọ òrukàn."

Ching-lan ṣíjú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tó ń gun òkè padà sílé, ètè rẹ̀ ń mì. Òroǹbó, awọ, míǹtì.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò tó kàn ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ó ń gba ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kọjá, Màmá àgbà ń gé atalẹ̀ sínú ọbẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ. Nǹkan kan fọwọ́ kàn án lẹ́yìn imú, tínrín bí òwú, ó sì lọ. Ó dúró. Ó padà wọlé, ó tẹrí sórí ìkòkò, ooru gbóná lójú rẹ̀, kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

"Kí lò ń wá nínú ọbẹ̀?" Màmá àgbà bi í.

"Kò sí nǹkan, mà."

Ó gbà pé ìrántí ló ń bá òun ṣeré. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀, ohun tí odindi ilé ìwòsàn ń wá kiri gan-an nìyẹn, òwú tínrín bẹ́ẹ̀. Yàrá èédú ló wà lọ́kàn ọmọbìnrin yìí. Ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Lọ́jọ́ ìdánwò, Nọ́ọ̀sì Liao ṣí ìdérí àkọ́kọ́. Ching-lan mú òroǹbó. Ó mú awọ. Ó mú míǹtì. Ó ṣi ọ̀kan mú láàárín, kó má baà dà bí ẹni tó há a sórí. Mọ́kànlá nínú méjìlá. Nọ́ọ̀sì pe dókítà.

Dókítà, obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, fi iná kékeré wo inú imú náà, ó pẹ́ níbẹ̀. "Ẹran yìí ti ń súnkì díẹ̀," ó wí, "ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Ohun tí mo rí àti ohun tí o mú kò bára mu tán." Ó fa àga mọ́ra. "Ching-lan, eléyìí kì í ṣe ìdánwò ilé ìwé. A kì í fún ènìyàn ní ipò kìíní níbí. Ohun tí imú rẹ bá sọ fún wa la fi ń mọ bí a ó ṣe tọ́jú rẹ. Tó bá purọ́ fún wa, irọ́ náà la ó máa tọ́jú. Ṣé o gbọ́ àwọn òórùn yẹn lóòótọ́?"

Ojú fèrèsé mọ́ kedere. Ching-lan rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, ó rí Bàbá àgbà lọ́kàn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ nínú agbọ̀n.

"Mo gbọ́ ọ, Dókítà."

"Ó dáa. A ó dá abẹ́rẹ́ dúró nígbà náà. Bí ìwádìí yìí ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí imú rẹ̀ bá ti là, a ó fi í sílẹ̀ kí á wò ó bóyá yóò lè dá dúró."

"Bó bá tún dí ńkọ́?"

"A ó máa wò ọ́ lọ, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bọ́ sí ìhà yẹn kì í padà sídìí abẹ́rẹ́."

Po-wei ń dúró dè é níta. "Èló?"

"Mọ́kànlá."

Ẹ̀rín Po-wei kú lójú. "O lò ó lóòótọ́?"

"Ìwọ ò lò ó?"

"Èmi?" Ó wo ilẹ̀. "Èmi fẹ́ kí imú mi san."

Bàbá àgbà ka èsì ilé ìwòsàn, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó bọ́ épírọ́ọ̀nù ọrùn rẹ̀, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Màmá àgbà sunkún, ó sì bú gbogbo ẹbí Shih-kai nínú ẹkún náà. Nígbà tí tíì ìgbà òtútù dé, Ching-lan wọ yàrá èédú. Àwọ̀ ewé ló ń wò. Aago ló ń wò. Bàbá àgbà rí i tó ń wo aago.

Ní òwúrọ̀ kan ó wọ ilé ìdáná, ó mú atalẹ̀, ó bù ú jẹ. Ó ta á lẹ́nu bí ata. Òwú tínrín ọjọ́sí kò wá. Ó ti tún ń fi ẹnu mí. Ó nu omi ojú tí atalẹ̀ fà, ó padà sídìí èédú.

Lọ́jọ́ tí agbọ̀n àkọ́kọ́ jáde, Bàbá àgbà pè é wá sídìí tábìlì. Nígbà tó fi gbá eérú tán tó wọlé, àwọn ife gíga tóóró tí a fi ń gbọ́ òórùn tíì ti wà nílẹ̀, wọ́n ti da tíì inú wọn sínú ife mímu kí òórùn rẹ̀ nìkan kù, ooru ṣì ń rú lára wọn. Màmá àgbà jókòó. Shih-kai jókòó.

Bàbá àgbà gbé ife òfìfo kan lé e lọ́wọ́. "Tìrẹ rè é. Gbọ́ ọ, kí o sọ fún wa."

Ching-lan gbé e sí imú. Ife náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó di ojú. "Òdòdó ló kọ́kọ́ wá," ó wí. "Lẹ́yìn náà, ìrẹsì. Ìparí rẹ̀ dùn, bíi ṣúgà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn."

"Ẹ gbọ́ bí?" Màmá àgbà na ìka sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọmọ mi bí?"

Shih-kai tẹ ojú mọ́ ife tirẹ̀, kò gbé orí.

Bàbá àgbà na ọwọ́, ó gba ife náà padà jẹ́jẹ́.

"Omi gbígbóná ni mo fi ṣan èyí, Ching-lan," ó wí. "Tíì ò dé inú rẹ̀."