Gíríìsì Tí Yurley Nù Kúrò

"Ọmọ mi, kí lo rí níbẹ̀?" Eliseo lóṣòó ti táyà iwájú, ó ń yọjú wo ọmọ rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀.

Yurley fẹ̀yìn lélẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó tẹjú mọ́ ikùn ọkọ̀ ògbólógbòó tó ń mu dísẹ́lì, tí bàbá rẹ̀ fi ń kó wàrà màlúù gbogbo abúlé lọ sísàlẹ̀ òkè. Àwọn aládùúgbò tó ni wàrà náà dúró yí ọkọ̀ ká nínú aṣọ òtútù wọn, inú ò sì dùn rárá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bí ọkọ̀ ṣe ń gun gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ tó wà lẹ́yìn odò, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà á, nǹkan ró gbàù lábẹ́ rẹ̀. Táyà iwájú ò fà mọ́. Ọkọ̀ yọ̀ padà sẹ́yìn, ó ki ìdí bọ kòtò. Gbogbo wàrà ló dànù sínú ẹrẹ̀, ọrùn ọwọ́ Màmá Prudencia, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Eliseo, sì ṣẹ́. Katakata ni wọ́n fi fa ọkọ̀ náà dé ilé.

"Kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án ṣáájú ọmọ mi," ni Eliseo wí fún wọn. "Ṣebí iṣẹ́ ọkọ̀ ló ń kọ́ nílé ìwé."

Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ gan-an náà ló ṣe é. Ó ní kí bàbá rẹ̀ fi òkúta di táyà, kí ó sì yọ ọkọ̀ kúrò nínú gíà. Ó di ṣáàfù ẹ̀yìn mú, ó gbìyànjú láti yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó le dáadáa, kò mì. Ó tú ọ́ìlì àpótí gíà tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn, ó fi ìka pa á wò. Ọ́ìlì náà mọ́, kò sí ẹ̀rún irin nínú rẹ̀. Ibẹ̀ kọ́ ni, nígbà náà. Ó wá fà sí ọ̀dọ̀ ṣáàfù iwájú.

Oríkèé ṣáàfù náà ti já. Irin inú rẹ̀ lọ́ kí ó tó ṣẹ́, bí ẹni lọ́ ẹ̀ka igi tútù. Gíríìsì tuntun sì kún inú rẹ̀ bámúbámú, gíríìsì tí Ẹ̀gbọ́n Otoniel, mẹkáníìkì kan ṣoṣo tó wà lórí òkè náà, fi sí i nígbà tó pààrọ̀ oríkèé ọ̀hún láìpẹ́ sí àkókò yẹn.

Oríkèé tí kò rí gíríìsì máa ń gbẹ ni, ó máa ń dípẹtà. Èyí ò gbẹ. Ẹnì kan ló lọ́ ọ títí ó fi ṣẹ́, Yurley sì mọ ẹni náà.

Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá ni bàbá rẹ̀ lọ síbi ìsìnkú, tí Yurley àti Magnolia ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Akẹ́kọ̀ọ́ ọkọ̀!" ni Magnolia fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ọkọ̀ tí o ò lè wà. Àbí bàbá ẹ ò jẹ́ kí o fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó wa ọkọ̀ dé gbàgede ìlú, níbi tí ọ̀dà tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ ti dán, tí àwọn ọ̀dọ́ ti pọ̀. Ó fa ọ̀pá kékeré tó ń mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà pọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀yì. Olùkọ́ wọn nílé ìwé ti kìlọ̀ fún wọn pé inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń lo ọ̀pá yẹn. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, bí ọkọ̀ bá ń yí kọ́nà, táyà iwájú àti tẹ̀yìn á máa bára wọn jà, irin àárín wọn á sì máa lọ́. Yurley gbàgbé, tàbí kó jẹ́ pé kò fẹ́ rántí. Táyà ń ké, àwọn ọmọkùnrin ń pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ọkọ̀ wá wúwo, ọkọ̀ ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún, nǹkan dún kẹ́kẹ́ nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, ìgbàkigbà tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, ó ń gbọ́ kọ̀, kọ̀. Ó gbé ọkọ̀ sáyè rẹ̀, ó panu mọ́.

"Yurley! Ṣé o ti sùn síbẹ̀ ni?" Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Àkísà wà lọ́wọ́ Yurley. Kí ó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti nu gíríìsì náà kúrò mọ́ féfé, ó sì ti ki àkísà sínú àpò.

"Oríkèé iwájú ló já," ni ó wí bó ṣe ń rá jáde. "Ó gbẹ. Kò sí gíríìsì nínú rẹ̀."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá a dárúkọ.

"Otoniel!" ni obìnrin kan pariwo. "Ó fẹ́ pa wá!"

Eliseo gbá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn gbàgà. "Ẹ rí i bí? Wọ́n ní kí n má rán obìnrin nílé ìwé ọkọ̀!"

Ilé Otoniel ló gbà lọ tààrà, Yurley ń wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Níwájú ìyàwó àti àwọn ọmọ Otoniel ló ti bú u.

"Ẹ̀gbọ́n Eliseo, ọwọ́ mi yìí ni mo fi fi gíríìsì sí i," ni Otoniel ń wí.

"Ọmọ mi fojú ara rẹ̀ rí i!"

Otoniel wo Yurley. "Ṣé o wò ó dáadáa?"

"Mo wò ó dáadáa, sà."

Ọkùnrin náà yí padà, ó wọlé lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn ènìyàn ti kó alùpùpù àti ẹ̀rọ wọn kúrò ní ọgbà Otoniel. Yurley ni wọ́n ń kí báyìí. "Dókítà ọkọ̀!" ni wọ́n ń pè é, bí ẹni gbá a létí ló sì máa ń rí lára rẹ̀. Ó wá ń fi ọbẹ̀ ọ̀dùnkún tó fẹ́ràn sílẹ̀ láìjẹ.

Ó ń lọ bá Màmá Prudencia fún wàrà màlúù rẹ̀, torí wọ́n ti di ọwọ́ ìyá náà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, ìyá náà dúró tì í, ó ń ṣàdúrà fún un.

"Ọlọ́run á bù kún ojú rẹ. Tí kì í bá ṣe tìrẹ ni, a ò bá má mọ̀ pé Otoniel ló dá mi lápá."

Ọwọ́ Yurley dúró lára ọmú màlúù. "Màmá, òun kọ́. Èmi ni." Ó sọ gbogbo rẹ̀, orí rẹ̀ ò kúrò lára ìhà màlúù.

"Gbé korobá yẹn sílẹ̀," ni ìyá náà wí. "Lọ sọ fún bàbá rẹ, kí n tó lọ sọ fún un."

Nígbà tí Yurley jẹ́wọ́ fún un, Eliseo ò nà án. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. "Mo bú ọkùnrin yẹn níṣojú àwọn ọmọ rẹ̀," ni ó ń tún wí ṣáá. Ó dìde, wọ́n jọ lọ sílé Otoniel.

Kí Eliseo tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀, Otoniel na ọwọ́ sí i. "Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹnu ọmọ yín ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ."

"Gíríìsì wà níbẹ̀, sà," ni Yurley wí. Kò lè gbójú sókè. "Èmi ni mo nù ún kúrò. Mo jẹ̀bi."

"Gbangba lo ti parọ́ mọ́ mi. Yàrá mi kọ́ ni wàá ti tún un ṣe."

Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, Yurley dúró lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ fún gbogbo ènìyàn. Àwọn kan pòṣé. Magnolia sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Eliseo dúró ní àárín èrò, fìlà lọ́wọ́, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì.

Àwọn kan dá iṣẹ́ wọn padà fún Otoniel. Àwọn mìíràn ti rí mẹkáníìkì lọ́nà jíjìn, wọn ò padà mọ́. Nígbà tí Otoniel wá pààrọ̀ oríkèé náà, Yurley tọrọ pé kí ó jẹ́ kí òun bá a ṣe é.

"Rárá," ni Otoniel wí. Ó pe Eliseo. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ wo bí mo ṣe ń ṣe é. Ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ ti rí i?"

Ọkùnrin tó ti ń ṣe ọkọ̀ wọn láti ìgbà tí Yurley ò tíì mọ̀ rìn, tí ẹnikẹ́ni ò ṣọ́ rí, ló wá ń wá ẹlẹ́rìí sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ojú ti Yurley ju bó ṣe tì í lórí àtẹ̀gùn lọ. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé ẹyin lohùn: bó bá ti bọ́, kò ṣeé kó. Irin tó ṣẹ́, a máa ń rí òmíràn rà. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí a bà jẹ́ mọ́ ọmọlúàbí lọ́wọ́, ẹni tó bà á jẹ́ pàápàá kì í sábà lè tún un ṣe tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ tiyín nìkan.